Nítorí Awọ Òkè Tó Ti Kú

Yoko, lẹ́bàá Ṣàkẹ́tẹ́
Oṣù kẹrin, 1962

Alphonse ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Odile ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá yín jẹun l'Ájàṣẹ́. Ẹlẹ́dàá ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ le mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ara ìyá rẹ le, a ti gbin àgbàdo, Ẹ̀bùn ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ wa ti ń rìn, ó sì ti da epo sínú bàtà mi.

Ẹ̀rù ló ń bà mí o. Àwọn oníṣègùn ìjọba wá yẹ ara wa wò lábẹ́ igi máńgòrò. Èyí tó gbọ́ èdè wa, Eustache, rí àpá funfun kan lápá ọ̀tún mi, ó fi abẹ họ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́ lòun ń gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má gbé awọ mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojoojúmọ́ lawọ òkè ń bọ́ lára èèyàn, pé ìpele ìpele ló wà bíi koríko orí ilé, ti ìsàlẹ̀ ló wà láàyè, ó ń sún sókè díẹ̀díẹ̀, kó tó dókè á ti kú, òun là ń wẹ̀ dànù, òun ló ń bọ́ sórí ẹní.

Alphonse, àṣé òkú ni mo ń gbé kiri lára látijọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi kẹ́dùn! Mi ò lo kànrìnkàn mọ́. Mo ní kí ìyá rẹ kó ohun tó bá gbá lórí ẹní mi jọ ká lè sin ín, ó ní iyanrìn ni, ó dà á fún adìẹ. Mi ò lè jẹ ẹyin adìẹ náà mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi bi wọ́n nìyí. Kí Eustache tó họ ọ́, ó ní kí n dijú, kí n sọ̀rọ̀ bí òwú bá kan àpá náà. Mo dijú títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan lára. Ìgbà tí mo lajú, òwú wà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ ní, “Ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀?” Mo ní rárá, awọ òkè ti kú, báwo lòkú ṣe máa mọ òwú? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tó lọ sódò, mo fi òwú kan apá òsì. Awọ ibẹ̀ náà ti kú, síbẹ̀ ó mọ òwú.

Jọ̀ọ́, lọ bi wọ́n nílé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ ire, fi owó ọṣẹ díẹ̀ rán ọlọ́kọ̀ sí wa. Bó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò, má kọ̀wé, wá mú Ẹ̀bùn. Àràárọ̀ ló ń nawọ́ kí n gbé òun, èmi ń fọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

Olúwa á ṣọ́ ọ. Kí ara rẹ máa mọ gbogbo ohun tó bá kàn án, títí dórí eṣinṣin.

Èmi bàbá rẹ,
Ògúnlékè