Ẹ̀wù Tí Mo Gbà ní Fẹ́sítáàkì

Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Ọláolúwa Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo kí ọ bí ẹni tó ń kí ará ọ̀nà jíjìn. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé dáadáa ni Ìkẹ́ ìyàwó wa wà, Jùwọ́nlọ ọmọbìnrin mi kékeré tí mo wá wẹ̀ fún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń rá? Ọlọ́run tó mú mi lọ tó mú mi bọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ rí ogun ojú ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí omi ẹ̀yìnkùlé yín tó máa ń kún yẹn wọ inú ilé, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àwa náà wà láàyè níbí. Orókùn mi ṣì ń dùn mí, àgùntàn dúdú ti bí ìbejì, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù ilé ìdáná wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí páànù ni mo ṣe ń kọ̀wé o, bí o bá tilẹ̀ rántí páànù náà kò burú.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù níjẹta, tí o ní kí n jẹ́ kí Nùsírátù padà sílé ọkọ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Bí mo ṣe fẹ́ dá ọ lóhùn ni fóònù kú. Ìwọ lè rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Èmi rò pé àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀kì gbọ́ ohun tí o sọ, ojú tì wọ́n, wọ́n sì pa á. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò, torí ẹnikẹ́ni ò lè já bírò mọ́ mi lẹ́nu. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ṣẹ̀, ilé yín náà ló sì ti ṣẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín ní Fẹ́sítáàkì, Màmá Enoch tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín wá pè mí ní Sátidé kan tí o ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ní àwọn òbí àdúgbò fẹ́ rìn nítorí àwọn ọmọbìnrin, pé wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n ń fipá bá wọn lò, wọ́n ń pa wọ́n, òbí ò sì gbọdọ̀ dákẹ́. Mo ní òbí lèmi náà, mo tẹ̀lé e. Mo rò pé a ò ní kọjá ìdí ilé kejì, àṣé láti géètì àkọ́kọ́ ni a óò ti rìn títí dé Agboju. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù funfun kan tí wọ́n kọ gẹ̀ẹ́sì sí láyà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà gbọọrọ sí lẹ́yìn, wọ́n tún fún mi ní páálí tó ní igi nídìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn torí oòrùn mú gan-an, mo sì fi páálí náà bo orí títí Màmá Enoch fi sọ fún mi pé èèyàn ló yẹ kó kà á, kì í ṣe oòrùn. Ọlọ́pàá méjì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa padà sílé, pé a ò jí nǹkan kan. Nígbà tí a dé Agboju, ọkùnrin kan tó ń ta bàtà bi mí pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo nìyí, ìrẹsì wọn dà. Mo ní èmi náà ń retí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá kan ti bọ́ síwájú. Wọ́n ní ará Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá ni. Ó gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ obìnrin sáyà, kò sì pariwo rárá. Ó ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá sá wálé, ọkọ rẹ̀ á gbé adìyẹ wá bẹ òun, òun á gba adìyẹ, òun á ní kí ọmọ lọ ní sùúrù, pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò gbé adìyẹ wá, òkú ọmọ òun ni wọ́n gbé wá. Ọláolúwa, ọkùnrin tó ń ta bàtà yẹn rọra gbé bàtà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. N ò sọ èyí nígbà tí mo délé, torí ìyá ọmọ jòjòló ni Ìkẹ́ nígbà yẹn, n ò fẹ́ kí ọmú rẹ̀ gbẹ.

Mo wá padà sílé níbí, mo ń ro nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù. Mo ní ìjọba ò lè mú àgbàlagbà rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan, àkáǹtì tí wọ́n ṣí fún mi nìyí. Mo wọ ẹ̀wù náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni oní-POS tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ní kó yọ owó fún mi. Ó ní kí n mú káàdì wá. Mo ní èmi gan-an ni káàdì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní nọ́ńbà fóònù ni, ó sì bá mi pè é. Ọmọbìnrin kan dáhùn, ó ní Débọ́lá lorúkọ òun, ó ní ṣé ibi tí mo wà kò séwu. Mo ní kò séwu, àfi ajá oní-POS. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe mí níbi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, awakọ̀ tó já mi sílẹ̀ ní Mazamaza lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ mi, tó sì gbé àpò ẹ̀lùbọ́ mi sá lọ. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó wá ṣàlàyé pé bí ọkùnrin bá ń lu obìnrin ni kí a pe nọ́ńbà yẹn, pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ tó sọ yẹn ló wọ̀ mí létí jù. Àràárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti kí i, mo ń wúre pé kó rí ọkọ rere fẹ́, títí ó fi fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ mí pé ẹni tó wà nínú ewu lè máa pè lásìkò tí mo bá ń kí òun. Ojú tì mí, mo jáwọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fọ aṣọ lọ́wọ́ ni Nùsírátù, ìyàwó Ọláníran ọmọ àbúrò bàbá rẹ, wọlé láìkágò. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Ó ní nítorí pé òun ra fóònù ni, Ọláníran ní ta ló fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀. Mo mú un wọ yàrá, mo fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Kò pẹ́ tí Ọláníran fi dé pẹ̀lú àgbà ẹbí méjì àti adìyẹ. Gbogbo aṣọ mi ló wà nínú omi, ẹ̀wù Fẹ́sítáàkì nìkan ló gbẹ, òun náà ni mo wọ̀ jáde sí wọn. Ọláníran rí gẹ̀ẹ́sì láyà mi, ó rí nọ́ńbà nígbà tí mo yíjú padà láti gbé àga fún wọn, ó sì mọ̀ pé Èkó ni mo ti dé. Àṣé ó rò pé ìjọba ti gbà mí síṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má kọ orúkọ òun sílẹ̀. Mo ní inú kí ni n óò kọ ọ́ sí? Ìyẹn tún bà á lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn àgbà ní kí n gba adìyẹ, kí Nùsírátù sì gba sùúrù. Adìyẹ náà sanra, Ọláolúwa, n ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, bàbá Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá ni mo ń rí. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn bó ṣe sọ ọ́, n ò fi iyọ̀ sí i. Àgbà tó ti ń wàásù sùúrù wo adìyẹ, ó wo ilẹ̀, ó ní kí Ọláníran máa gbé e lọ. Mo pe Débọ́lá lójú gbogbo wọn. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó ní Màmá, ṣé ẹ ò bínú, ṣé ìkíni náà ni. Mo ní rárá, tòní ti kọjá ìkíni. Mo gbé fóònù fún Nùsírátù, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń sọ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, pé ó lu òun nígbà tí òun wà nínú oyún pàápàá. Ilé wọn àti ilé mi ò ju ìró ẹkún lọ síra wọn, n ò sì gbọ́ nǹkan kan, torí ó máa ń ki aṣọ bọ ẹnu ni. Mo jókòó tì í.

Débọ́lá ní Èkó ni iṣẹ́ àwọn mọ, ó fi wá lé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ wa lọ́wọ́. Obìnrin kan àti ọlọ́pàá wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú Nùsírátù lọ sí ọsibítù, wọ́n wá Ọláníran lọ sínú oko kòkó, orí igi ni wọ́n ti bá a. Ẹjọ́ rẹ̀ ti wà ní kóòtù báyìí, onídùúró ló gbà á sílẹ̀, bó sì ṣe jáde ló pè ọ́ pé kí o bá òun bẹ̀ mí. Nùsírátù wà lọ́dọ̀ mi, ó gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ síwájú ilé, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní òun ò padà. Èmi náà ò ní kó padà.

Ẹ̀wù yẹn gan-an ò sí nílé mọ́ o. Àwọn obìnrin ń yá a. Wọ́n á sá a sórí okùn níwájú ilé, ọkọ wọn á rọra wọlé bí àlejò. Ilé olórí akọrin ló wà lọ́sẹ̀ yìí, ilé tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò fọkàn sí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tìrẹ. Mo gbé inú ilé rẹ, mo sì lójú. Mo rí ọjọ́ tí Ìkẹ́ jẹ́ kí ẹ̀wà jóná, o jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, o tún bù sí i. Mo rí ọjọ́ tí ẹ jà nítorí tẹlifíṣàn, tí o sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró nísàlẹ̀ títí inú rẹ fi rọ̀. Ta ló wá fi gbólóhùn ọ̀rọ̀ tọkọtaya yẹn sí ọ lẹ́nu? Èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ, má fi ẹnu rẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Pe Ọláníran, kí o sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára. Èmi, ó lè ní ẹ̀wù ló ń gùn mí, ṣùgbọ́n ìwọ ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n.

Fi owó káàdì fóònù ránṣẹ́ sí mi, àti òògùn tí wọ́n fi ń pa orókùn, àti ti páànù tí n ò fẹ́ mẹ́nu bà. Bá mi kí Màmá Enoch, kó wá ẹ̀wù míì, kó fẹ̀ díẹ̀, torí ìyàwó pásítọ̀ ti béèrè, èyí tí a ní kò sì gba apá rẹ̀.

Olúwa á bù sí iṣẹ́ rẹ. Ẹkún ò ní sọ nínú ilé rẹ. Jùwọ́nlọ á dàgbà, á kàwé, á fẹ́ ẹni tó bá wù ú. Bó bá sì wá di ọjọ́ kan tó gbé báàgì rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, Olúwa á jẹ́ kí o wà nílé, á jẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un, kí o tó bi í pé kí ló ṣe. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Yíwọlá.