Ẹ Wọ Ilé Wa ní Etí Ọ̀sà Kí Ẹ Tó Wó O

Ilé Ìbídàpọ̀,
Òpópónà Onípákó,
Etí Ọ̀sà, Bàrígà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Tó Ń Yẹ Àwọn Ilé Àtijọ́ Wò,
Ẹ̀ka Ṣómólú àti Bàrígà,
Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ WÁ WO INÚ ILÉ ÌBÍDÀPỌ̀, KÍ Ẹ SÌ FÚN WA NÍ ÌWÉ TÍ ÀWỌN ỌMỌ MI YÓÒ FI JÁDE NÍBẸ̀

Ẹ̀rù ń bà mí pé ilé lè wó lu àwọn ọmọ mi kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti jí nìyẹn, bí mo bá sì kọ́kọ́ kọ nǹkan mìíràn, irọ́ ni mo ń pa. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín.

1. Orúkọ mi ni Sabina Ìbídàpọ̀. Opó ni mí. Mo ta ẹja gbígbẹ títí orúnkún mi fi ní ó tó. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi: Japhet, tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, Níní, tó wà nílé ọkọ ní Fọlá Àgorò, àti Wonder, àbíkẹ́yìn, tó ti ka ìwé tán tó ń wá iṣẹ́. Gbogbo wọn ti dàgbà. Dídàgbà wọn kò dín ìdààmú mi kù, ńṣe ló fi kún un, nítorí ìgbà tí wọ́n kéré, mo lè fà wọ́n lọ́wọ́ jáde.

2. Bàbá ọkọ mi, olóògbé Adéjìmí Ìbídàpọ̀, ló kọ́ ilé tí mo ń sọ yìí. Apẹja ni, láti etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níbi tó ti wá, orí òpó ni ilé máa ń dúró, omi á sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé ní Bàrígà, búlọ́ọ̀kù ló fi mọ ògiri bíi tàwọn ará àdúgbò, ṣùgbọ́n kò gbàgbé omi. Ó ri òpó igi mọ́lẹ̀ nínú ilé, ó tẹ́ pákó lé e lórí, ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ pákó náà tí ènìyàn lè fi àyà fà wọ̀. Ó wá dá ihò sí ìdí ògiri níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n kọjú sí ara wọn. Ẹnu omi là ń pè wọ́n. Bí ọ̀sà bá kún, omi á gba ẹnu omi wọlé sí abẹ́ pákó. Bó bá ń fà, á gba ibẹ̀ jáde. Àwọ̀n ẹja tó ti gbó la máa ń kàn mọ́ ojú ihò náà kí eku àti alákàn má bàa wọlé. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á jáde, a ó kó pàǹtírí kúrò níbẹ̀, a ó sì pààrọ̀ àwọ̀n.

3. Ọdún tí mo délé ọkọ ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ omi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé. Mo figbe ta. Bàbá ọkọ mi rẹ́rìn-ín láti yàrá kejì, ó ní, "Ìyàwó, àlejò ni, kò ní sùn." Kò sì sùn lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti padà sí ọ̀sà, pákó wa gbẹ, ògiri wa gbẹ. Gbogbo ọdún tí mo lò nínú ilé náà, n kò rí àbàwọ́n omi lára ògiri rí.

4. Lọ́dún tó kọjá, Níní bímọ, mo sì lọ tọ́jú ìyá àti ọmọ ní Fọlá Àgorò. Kí n tó padà, àwọn ọmọ mi kó ara wọn jọ, wọ́n tún ilé ṣe. Ẹ̀bùn ni, wọn kò jẹ́ kí n gbọ́. Wọ́n ká pákó kúrò, wọ́n da yanrìn kún gbogbo abẹ́ ilé, wọ́n da kọnkéré lé yanrìn, wọ́n lẹ táìlì dídán sílẹ̀ àti sára ògiri títí dé ìbàdí. Wọ́n wá fi símẹ́ǹtì dí gbogbo ẹnu omi. Ọjọ́ tí mo dé, Wonder fi ọwọ́ bò mí lójú wọlé. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo jó lórí táìlì yẹn. Ìgbà tí mo jó tán ni mo bèèrè pé ẹnu omi ńkọ́. Japhet ní, "Màámi, ilé gidi wo lẹ rí tó ní ihò nídìí?" Níní ní, "Ìyà ló mọ́ Màámi lára." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

5. Òjò dé. Omi kò gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé bíi tàwọn ilé mìíràn. Inú ògiri ló gbà gòkè. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ògiri kàn tutù bí ara àmù. Nígbà tó yá, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà nínú epo, bí ènìyàn bá sì fọwọ́ kàn án, á bẹ́, omi á sun jáde. Lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun yọ lára ògiri lókè táìlì. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ inú ọ̀sà ti gun ògiri yàrá mi títí dé ibi tí mo gbé àwòrán ìgbéyàwó mi kọ́ sí. Mo dúró, mo ń wò ó, ẹnu mi kò lè pa dé. Kò sí ìró, kò sí ihò kankan, síbẹ̀ omi gun ògiri dé èjìká mi bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Ta ló gbé e gòkè?

Aládùúgbò wa, Bàbá Raphael, apẹja tí òun náà wá láti Ìlàjẹ, yẹ ilé náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ foríjì mí, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́: "Ìyá Japhet, ilé yín mu omi yó, ẹ wá lọ dí ibi tó yẹ kó gbà tọ̀." Inú bí Japhet, kò kí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

6. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, ògiri yàrá ẹ̀yìn sán lókè ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹrin, òṣìṣẹ́ yín kan wá, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ilé àtijọ́ tó wà ní ìlà wa, tiwa náà pẹ̀lú. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí a kó jáde, pé wíwó ni wọn yóò wó o kí òjò tó le. N kò dá yín lẹ́bi pé ẹ̀rù ń bà yín. Ilé kan wó ní àdúgbò tó tẹ̀lé tiwa lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé. Mo mọ̀ pé nítorí irú rẹ̀ ni ìjọba ṣe fi yín síbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé òṣìṣẹ́ yín kò wọlé. Mo gbé àga fún un. Mo ní kó wá fọwọ́ kan ògiri. Ó dáhùn láti ojú títì pé, "Ìyá, láti ibi tí mo dúró sí yìí, mo ti rí gbogbo ẹ̀." Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ fún yín pé kò rí i.

7. Ọ̀sẹ̀ tí ìwé yín dé gan-an ni Japhet gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ bẹ Saheed, bíríkìlà tó bá wọn lẹ táìlì, pé kó wá bá òun tú u. Wọ́n ṣí táìlì kúrò lára ògiri. Wọ́n fọ́ kọnkéré. Wonder, ọmọ tí kì í gbé àwo tó fi jẹun kúrò nílẹ̀, ni mo rí tó ń fi báfù ru yanrìn tútù jáde láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, tí irun rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Nígbà tí Saheed fi òòlù lu ẹnu omi tó wà lẹ́yìnkùlé, omi dúdú tú jáde, ó ń rùn, ó ń ṣàn, a rò pé kò ní tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́. Wọ́n wá ṣí ti iwájú. Ẹ̀yin ọ̀gá, afẹ́fẹ́ láti orí ọ̀sà gba abẹ́ ilé wa kọjá, ó fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Àwọn òpó igi bàbá ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀. A ti gbà pé wọ́n ti jẹrà. Saheed fi òòlù kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún ko, ko, bí irin. Lára ọ̀kan, ojú àáké ṣì hàn, bí bàbá ṣe gbẹ́ ẹ nígbà tí wọn ò tíì bí ọkọ mi. Japhet gbé ọwọ́ lé e. Èmi náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. N kò lè sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn ṣe mí bí ẹni pé bàbá fúnra wọn wà nínú yàrá, tí mo sì gbọ́dọ̀ kí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sà kún. Omi wọlé sí abẹ́ ilé, tòun ti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ju ọmọ ìka lọ, ó rìn káàkiri láàárín àwọn òpó, ó dúró díẹ̀, ó sì jáde. Gbogbo wa dúró, a ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìsìn. Wonder ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Màámi, ó ń mí." Láti ọjọ́ náà ni ògiri ti ń gbẹ, a sì ti tẹ́ pákó padà sórí àwọn òpó. Ibi tí omi gùn dé ti kúrò ní èjìká mi, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí. Ọlọ́run tó dá omi ló mọ bó ṣe ń mọ ọ̀nà.

8. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ibi tó sán lókè ilẹ̀kùn ṣì wà. Èmi tẹ̀lé àṣẹ yín, mo kó lọ sọ́dọ̀ Níní, mo wá ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá wo àwọn ọmọ mi tó kù nínú ilé náà lójoojúmọ́. Bí mo bá wo ibẹ̀ láàárọ̀, ó dà bíi pé ó fẹ̀ sí i. Bí mo bá wò ó lọ́sàn-án, ó dà bíi pé ẹ̀rù mi ló fẹ̀ ẹ́. Saheed ní kò le. Japhet ní ó ti dúró sójú kan. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, n kì í ṣe ẹnjiníà. N kò lè sọ bóyá ògiri tí omi ti gbé inú rẹ̀ láti òjò ọdún tó kọjá ṣì lè ru òrùlé. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ nínú gbogbo wa. Iṣẹ́ yín ni.

9. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín rèé. Japhet, Dọlápọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún, àti Wonder kọ̀, wọn kò jáde. Níní ti gbá yàrá sílẹ̀ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bá wọn jà, mo sunkún. Japhet ní, "Màámi, ọjọ́ tá a bá kó jáde ni ilé di òfìfo. Kátapílà á dé kí a tó tẹ́ ẹní síbòmíràn." Mo ní kí Dọlápọ̀ nìkan máa bá mi lọ, ó ní ibi tí ọkọ òun bá wà lòun wà. Wonder tiẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Bó bá fẹ́ wó, a máa pè yín lórí fóònù." Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wò ó: ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n lè jáde kúrò nínú ewu, òun gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n jáde.

10. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

Ẹ kọ ìwé kan sí wa, kí ẹ fọwọ́ sí i, pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ilé náà kí ẹ tó yẹ inú rẹ̀ wò, ì báà jẹ́ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ Japhet lọ́sàn-án, mo ṣèlérí fún yín pé ilẹ̀ kò ní ṣú bá wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ rán ẹni tó mọ̀ nípa ògiri wá. Kó wọ abẹ́ pákó. Kó wo ibi tó sán. Kó dúró dìgbà tí ọ̀sà bá kún, kó sì rí i bó ṣe ń fà. Bó bá ní ilé lè dúró, kó sọ ohun tí a ó fi gbé ògiri ró, a ó ṣe é. Bó bá ní wíwó ló yẹ kí wọ́n wó o, kó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi fúnra wọn, nínú yàrá yẹn, kó fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n. N kò ní bá yín jiyàn. Bàbá tó gbẹ́ òpó wọ̀nyẹn kò kọ́lé kó lè di ibojì àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti dé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yẹ àwọn ilé yòókù ní ìlà wa wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn làwọn apẹja kọ́, tí àwọn ọmọ wọn náà sì ti fi táìlì dí ẹnu omi pẹ̀lú ìfẹ́.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, òjò ti ń ṣú bọ̀ láti orí ọ̀sà. Nígbà tí ẹkún mi kò wọ àwọn ọmọ mi létí, mo ká ẹní mi ní Fọlá Àgorò lánàá, mo padà sí yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ ibi tó sán gan-an. Mo ti sọ fún wọn pé bí wọn kò bá jáde, n kò jáde. A di mẹ́rin níbẹ̀, ẹnìkarùn-ún wà nínú oyún.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ tètè kọ̀wé padà sí wa.

Èmi ni tiyín, ìyá tó ń retí yín,

Sabina Ìbídàpọ̀ (Abilékọ),
Opó àti olùgbé Ilé Ìbídàpọ̀, Bàrígà.