Igbó Iyùn Ìsàlẹ̀ Òkun Wa

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Ikerannguaq,
                                        Greenland.
                                        11 Oṣù Kẹta, 2014.

Ẹ̀gbọ́n mi Bolette, ẹni bí ìyá,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá ní kí n kí yín. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ara wọn le.

Ẹ béèrè ìdí tí Bàbá fi yìnbọn pa àwọn ajá wọn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì.

Ẹ rántí pé ọkọ̀ tó wá lu ihò epo rọ̀bì sínú òkun wa gbà mí síṣẹ́ nígbà ooru tó kọjá. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa wo ojú omi lọ. Bí mo bá rí àbùùbùtán, kí n pariwo, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni mo fi wò. N kò rí ìkankan.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Torleif, ará Norway tó ń bójú tó kámẹ́rà abẹ́ omi, pè mí: "Severin, wá wo ilé yín." Ẹ̀gbọ́n mi, igbó ni mo rí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kò dé rí! Iyùn pupa yọ ẹ̀ka bí igi, àwọn ẹja pẹlẹbẹ wa sì sùn jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Torleif ní iyùn náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá Bàbá. Ogójì ọdún la ti ń jẹ ẹja yẹn, a kò mọ̀ pé wọ́n nílé.

Nígbà tí wọ́n lu ihò tán, mo ní kó tún fi hàn mí. Ẹrẹ̀ bí eérú ló bo gbogbo rẹ̀. Iyùn ti di kùkùté, kò sí ẹja. Mo bi í pé ta ló ń pariwo fún ìwọ̀nyí. Ó ní, "Wọn ò gba ẹnikẹ́ni fún ìyẹn." Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé n kò rí ẹran omi kankan tó fara pa. Mo fọwọ́ sí i. Wọn ò tilẹ̀ rí epo; wọ́n kẹ́rù, wọ́n lọ.

Láti ìgbà tí òkun ti dì di yìnyín ni Bàbá ti ń gba ojú ihò yìnyín sọ okùn ìwọ̀ sísàlẹ̀. Igba ìwọ̀, ẹja mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan wọ́n wò mí lójú.

"Severin, o wà lórí ọkọ̀ yẹn. Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan lójú omi, Bàbá."

"Ṣé ojú omi ni mo ti ń pẹja?"

Ẹja ni oúnjẹ ajá mẹ́rìnlá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín wa; wọn kò lè jẹ sùúrù. Bàbá fọwọ́ ara wọn tú àwọn ajá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe ajá kọ̀ọ̀kan lórúkọ kí wọ́n tó yìnbọn. Àwọn aládùúgbò ti ilẹ̀kùn, kí ó má baà dà bíi pé wọ́n ń wòran.

Ẹ̀gbọ́n mi, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìwé dé lánàá: ọkọ̀ náà ń padà bọ̀, ó fẹ́ lu ihò méjì sí i, wọ́n sì tún ń wá mi. Mo kà á sétí Bàbá, mo ń retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ní, "Lọ. Kí la ó jẹ?"

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti Jensigne ọmọ yín. Ẹ má tíì sọ ti àwọn ajá fún un.

Mo ti dá àwọn ọlọ́kọ̀ náà lóhùn pé mò ń bọ̀.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
                                        Severin.