Mọ́tò Rẹ Tó Wà Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àga ọ́fíìsì tí o ní ó ń dùn ọ́ lẹ́yìn ńkọ́, àtẹ̀gùn gígùn tí o ń gùn kí o tó dé yàrá rẹ ńkọ́? Mo kí gbogbo wọn. Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìjókòó ìrọ̀rùn, kó má bá ọ lórí àìsàn, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ẹ̀rín má ṣe gbẹ lẹ́nu rẹ. Àmín. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ máṣíìnì, nítorí náà mi ò bá a jà.

Ilé wà bó ṣe wà. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò lórí ṣọ́ọ̀bù, àbúrò rẹ obìnrin sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń rán kọ́là, ló bá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi. Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kò níwà. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí ojú mi kí òun tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo gbójú sókè sí i, mo ní èmi nìyí, ó ní òun ò mọ̀ mí, nítorí pé mo wọ awò ojú. Mo bọ́ awò, ó mọ̀ mí, ó ṣí, àmọ́ èmi ò wá rí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ti báǹkì yàtọ̀, ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi lọ́jọ́ ìbí mi, wọ́n pe orúkọ mi pé pérépéré, wọ́n ní inú àwọn dùn pé mo wà. Mo ní kí àbúrò rẹ bá mi dá wọn lóhùn, mo ṣàdúrà fún wọn, mo béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ. Wọn ò tíì fèsì, bóyá ọwọ́ wọn dí. Ọwọ́ tìrẹ náà dí lọ́jọ́ náà, mo mọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ. Mọ́tò asáré rẹ yẹn, kúkúrú onílẹ̀kùn méjì, èyí tí o rà ní ọ̀pọ̀ láìní iwájú láìní ẹ̀yìn, tí o gbé sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi pé o máa wá àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìgboro, o máa máa fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́ ló dé, ìkankan ò sọnù. Àmọ́ mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ ni, nítorí ìkankan ò jọ ìkejì. Mọ́tò pupa, iwájú dúdú, pátákó ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn funfun báláú. Mo pe wẹ́dà tó ń jó irin ní ọ̀ọ́kán wa, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fàrabalẹ̀, nítorí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó ba nǹkan jẹ́. Ó ní wọn ò rẹ́ ọ jẹ. Ó ní àwọn tó ṣe mọ́tò yìí ṣe oríṣiríṣi rẹ̀ ni, wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́, wọ́n ṣe èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, wọ́n wá ṣe èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ó wọ̀ mí lórí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n! Àkọ́bí tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ̀lé rẹ̀ ní ìdí, àbíkẹ́yìn ní ìdí ó tún láyà. Ìwọ wá ra àkọ́bí, o ń kó aṣọ àbíkẹ́yìn wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ mi, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ!

Mo mọ̀ pé o sọ fún àbúrò rẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń da oríṣi pọ̀ nìyẹn báyìí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣé kí wọ́n máa sọ pé aránṣọ tí ẹnu mọ́tò ọmọ rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgàdà ló fẹ́ bá àwọn rán ṣòkòtò tó máa bá àwọn mu? Mo bọ́ tépù lọ́rùn, mo wọn bọ́ńpà iwájú, ó fẹ̀ ju ara mọ́tò lọ ní ọ̀tún àti òsì. Ohun tí à ń ṣe fún aṣọ tó bá fẹ̀ náà ni mo ṣe fún un, mo ní kí a dín in kù. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, Fàrabalẹ̀ ní kí n fara balẹ̀, ó sì gé e. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Iná òsì nìkan ló ń wo gọ́tà. Ti pátákó ẹ̀gbẹ́, àlàfo ibẹ̀ gba ọwọ́, mo wá rán awọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àbúrò rẹ ló dé tó káwọ́ lérí, tó ń pariwo pé yéè, pé bọ́ńpà tí a gé yẹn, ti eléré ìje ni, pé irú rẹ̀ ò pọ̀ ní gbogbo ayé. Mo ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bí irú rẹ̀ ò bá pọ̀ tẹ́lẹ̀, irú èyí tí a gé yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, tìrẹ ni. Mi ò rí ohun tó kan ariwo níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó kẹ́yìn dé, ìyẹn ìrù, ohun gígùn pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lórí búùtù. O pè mí lọ́jọ́ náà. A sọ̀rọ̀ pẹ́, o béèrè orúnkún mi, mo sọ ti Fàrabalẹ̀ fún ọ, o rẹ́rìn-ín títí o fi ń húkọ́. O wá ní, níwọ̀n ìgbà tí ìrù ti dé, ó parí nìyẹn, o máa rán awakọ̀ kan tó ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò, ó máa wá gbé e lọ, kí n má ṣe ìyọnu rárá, kò ní sídìí fún ọ láti máa bọ̀. O sọ ọ́ bí ẹni ń fún mi ní ìròyìn ayọ̀. Mo ní ó dáa. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, mo jókòó, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ mo wọ awò.

Awakọ̀ náà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èèyàn dáadáa ni, mo fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó kó abọ́ rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ó yí mọ́tò ká, ó wo iwájú, ó wò mí, ó tún wo iwájú, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ó wá ní ìrù dà, pé o kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ gbé mọ́tò láìsí ìrù. Mo ní ìrù wo? Mi ò purọ́ o, mo béèrè ni. Ó wo abẹ́ mọ́tò, ó wo ẹ̀yìn ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wá dúró níwájú mi, ó ní ṣé Màmá ò ní dìde díẹ̀ kí ẹsẹ̀ nà. Mo ní orúnkún ò jẹ́. Orúnkún sì ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìrù ni mo jókòó sí. Mo ti gbé e ka àpótí méjì, mo tẹ́ aṣọ lé e, bẹ́ńṣì gidi ni, bí mi ò bá jókòó lórí rẹ̀ mo máa ń lọṣọ lórí rẹ̀. Ọwọ́ òfìfo ni awakọ̀ bá lọ. Má bá a wí.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí bọ́ńpà dé, o pè. Nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ dé, o pè. Nígbà tí ìrù dé, o pè. Bí mọ́tò bá wá lọ, kí lo máa máa pè mí fún? Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi, ó ń sọ mí gan-an. Mo ti gé ṣòkòtò kan fún ọ, aṣọ rẹ̀ dára, ó wà lára ògiri níbi tí mo ti ń wò ó. Ìwọ̀n tí mo gbà nígbà tí o ń kúrò nílé ni mo fi gé e, mo rán ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, mo dé ìbàdí, mo dúró. Àbúrò rẹ ní kí a béèrè ìwọ̀n rẹ lórí fóònù, mo ní rárá. Mi ò mọ oríṣi èyí tí o jẹ́ báyìí, bóyá tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni, bóyá o ti fẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Òwú ti tán, áyọ́ọ̀nù ti jó, Fàrabalẹ̀ sì ní kí n bá òun rán ọ létí iṣẹ́ tí òun ṣe. Bá mi wá nǹkan díẹ̀ sí i. Má fi í gba báǹkì, wọn ò tíì fèsì ọ̀rọ̀ mi. Má sì rán awakọ̀ kankan mọ́, ó máa jẹun lásán ni. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọ̀nà á dán fún ọ, wàá lọ re, wàá bọ̀ re, ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí rere, mi ò ní ṣòfò rẹ. Bí o bá dé, orí ìjókòó yẹn náà ni wàá bá mi. Ìwọ ni màá dìde fún.

Èmi ni ìyá rẹ.