Ẹ̀yìn Bọ̀dá Ládé

Dublin, oṣù kejì, 2006

Mummy mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ má dààmú rárá.

Òjò rọ̀ níbí lánàá, ni mo bá ń rẹ́rìn-ín. Keziah tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ bí Bọ̀dá Ládé ṣe máa ń pọ̀n mí la ọ̀gbàrá Ìkòsì kọjá lọ sílé ìwé, kí bàtà mi má bàa tutù, tí tiwọn á sì rin gbingbin. Ó ní, “Bá mi kí wọn o.” Mi ò lè sọ pé a ti sin wọ́n lóṣù tó kọjá. Mo ní, “Wọ́n á gbọ́.”

Ẹ kí Daddy. Ẹ kí Aunty Loveth, ìyàwó wọn, kí wọ́n má bínú pé mi ò tíì pè. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa kí wọn láì béèrè Bọ̀dá.

Ọmọ yín,
Ẹ̀bùnọlá