Ìwé Òfin Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Dà Kọ

Abíkẹ́yìn mi,

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà má wulẹ̀ fi ìmọ̀ràn kankan sínú èsì rẹ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọmọ ò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ibi tó ti ń wá a ni ilẹ̀ á ti ṣú u. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, èmi náà ò sì gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O rántí ìpàdé àdúrà tí mo dá sílẹ̀ ní pálọ̀ bàbá rẹ, a ò ju mẹ́rin lọ nígbà yẹn, pẹ̀lú ológbò. A ti di mọ́kànlélógún, ìjókòó wa ti kan ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ni akọ̀wé ìjọba kan bá kan ilẹ̀kùn, ọmọdébìnrin kan báyìí, ó ní aládùúgbò ti fi ariwo wa sùn, àti pé tó bá jẹ́ ìjọ la fẹ́ ṣe, ká lọ forúkọ sílẹ̀, ká yan èèyàn mẹ́ta tí dúkìá ìjọ máa wà níkàáwọ́ wọn, ká sì mú ìwé òfin tí à ń tẹ̀ lé wá. Mo ní Bíbélì ni. Ó ní èyí tó sọ bí ẹ ṣe ń yan olórí àti bí ẹ ṣe ń yọ ọ́ ni òun ń wí, màmá. Mo bi í pé ta ló fẹ́ yọ mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù.

Télọ̀, tó ń bá wa kọ orúkọ àwọn tó wá sípàdé, ní ká lọ bá lọ́ọ̀yà. Mo ní èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹta, kí ni lọ́ọ̀yà fẹ́ kọ tí mi ò lè kọ? Níbi èèyàn mẹ́ta, mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti káfíńtà tó kan àwọn bẹ́ǹṣì wa, mo sì kọ ti bàbá rẹ. Ṣebí ẹni tí ò ní jalè ni wọ́n ń wá? Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀, ta ló tíì rí i kó mú nǹkan oní-nǹkan? Akọ̀wé ní kó wá fọwọ́ síwèé. Mo ní kì í jáde mọ́. Ó ní ṣé kí òun wá bá a nílé ni. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàlàyé, ló bá fi fáìlì bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń bá mi kẹ́dùn ni, mo tiẹ̀ rọra gbá a lẹ́yìn pé kó má sunkún mọ́, ó ti pẹ́. Bá a ṣe fi télọ̀ rọ́pò bàbá rẹ nìyẹn.

Ó wá ku ìwé òfin. Télọ̀ ní ti ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ nílé, ojú ewé mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dà á kọ. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ẹgbẹ́, èmi á kọ ìjọ. Ibi tí ojú mi ò bá ká, mo kàn ń ya lẹ́tà ẹ̀ bó ṣe rí ni, bí ẹni ń ya àwòrán ewúrẹ́, mi ò mọ ohun tó ń wí. Télọ̀ ní kí òun kà á fún mi ká tó fi lélẹ̀. Mo ní ṣé mo fọ́jú ni. Gbogbo ìjọ fọwọ́ sí i, ìjọba gbà á, mo rìn wálé bí ẹni tó jogún ọjà.

Kò pẹ́ ni orúnkún dá mi gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú yàrá tó fara ti pálọ̀ ni mo wà, mò ń ṣe àmín láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí mo jáde, káfíńtà ṣí ìwé òfin, ó ní òfin keje sọ pé olórí tó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ láìkọ lẹ́tà ti kúrò nípò. Mo ní ẹ̀yìn ògiri ni mo wà. Ó ní ẹ má bínú, màmá, ògiri ò kọ orúkọ yín sílẹ̀. Mo ní òpònú wo ló kọ irú òfin yìí. Gbogbo wọn ń wò mí. Abíkẹ́yìn mi, ọwọ́ mi ni, ó wọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe wọ́, mo sì buwọ́ lu ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Àfọwọ́fà pátápátá.

Ogún ọwọ́ ló nà sókè pé kí káfíńtà di olórí. Èmi nìkan ni mo nawọ́ fún ara mi. Télọ̀ náà wà nínú ogún yẹn. Bàbá rẹ tí mo yọ kúrò ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí báyìí nínú pálọ̀ ara mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n sì ń ní kí n rọra sún.

Mo lọ bá akọ̀wé. Ó ní òfin ti fìdí múlẹ̀, àmọ́ òfin kọkànlá gbà pé kí ọmọ ìjọ dábàá àtúnṣe nípàdé òpin oṣù, kó ṣáà ti dìde, kó ka àbá ẹ̀ fúnra ẹ̀ sétí gbogbo wọn. Télọ̀ ní òun á kà á fún mi. Mo ní rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa gbà mí láyè, mi ò sì fẹ́ kú sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ lọ bá lọ́ọ̀yà, má sọ fún télọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Ẹnu rẹ ò ní kó bá ọ bíi tèmi. O ò ní fọwọ́ ara rẹ kọ òfin tó máa lé ọ lórí àga.

Ọdún mẹ́fà rèé tí o gba awò ojú mi, o ní o fẹ́ lọ bá mi pààrọ̀ dígí ẹ̀. Mú awò mi wá.

Ìyá rẹ.