Ẹyẹ Tí N Kò Ní Jẹ́rìí Sí

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Winterholme,
                                        Norfolk.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Lettice, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni mo bá ọ? Eékún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ajá yín tí kì í gbọ́ràn? Mo mọ̀ pé òtútù ti dé bá yín ní Wales, má fi oge wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o. Ní tèmi, mo wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, kódà mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ, nítorí náà po tíì rẹ kí o tó máa kà á lọ.

O rántí Crispin Thirtle, dókítà eléyín tó ti fẹ̀yìn tì, alága ìgbìmọ̀ ẹyẹ àgbègbè wa. Ẹni tó bá rí ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n á kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wọn. Bí wọ́n bá gbà á, ó wọ ìwé ọdún nìyẹn. Bí wọn kò bá gbà á, àlá lo lá.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àìsàn ti dá Ambrose ọkọ mi dùbúlẹ̀, mo gbé ibùsùn rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé kí ó lè máa wo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Afẹ́fẹ́ láti ìlà-oòrùn fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó di ọwọ́ mi mú pinpin, ó ní, "Hester, wo orí igi ápù yẹn." Ẹyẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tútù, ìlà òféefèé sì gba àárín orí rẹ̀ kọjá. Siberia ló ti ṣìnà wá. Àádọ́ta ọdún ni Ambrose ti fi ń wá a. Àwa méjèèjì rí i. Mo kọ fọ́ọ̀mù, ó buwọ́ lù ú, ó sì kú lọ́jọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà.

Ìwé ọdún dé nínú oṣù kẹta. Àárín àwọn tí wọn kò gbà ni mo ti bá ẹyẹ ọkọ mi. Crispin fi lẹ́tà tì í pé ẹni tó wà lórí oògùn ìrora kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, àti pé ó ṣeé ṣe kí ìyàwó rẹ̀ rí ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó rí. Crispin yìí kan náà tó bu kéèkì lẹ́ẹ̀mejì níbi ìsìnkú! Lettice, inú bí mi gidigidi. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kùrukùru bo gbogbo etíkun, àwọn ẹyẹ sì ń já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀. Mo ń tu koríko lórí sàréè Ambrose nígbà tí Crispin dé pẹ̀lú awò tó fi ń wo ẹyẹ lọ́rùn. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé oríṣi ẹyẹ irinwó ó dín kan ló ti rí ní àgbègbè yìí láyé rẹ̀, àti pé ẹyọ kan tó kù kó pé irinwó ni kò jẹ́ kó sùn. Ó kí mi, mo wúkọ́. Bí ẹyẹ kan ṣe bà lé òkúta sàréè ẹ̀gbẹ́ wa nìyẹn: ìrù rẹ̀ búlúù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí èèpo ọsàn tó pọ́n, ọ̀fun rẹ̀ funfun.

Crispin dì mí mú léjìká. "Hester! Ìrù búlúù! Ṣé o rí i? Ṣé ò ń rí i?"

Mo rí i, Lettice. Mo rí i débi èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bọ́ awò ojú mi, mo ń nù ún. Kámẹ́rà Crispin wà nílé níbi tó ti ń gba iná. Ẹyẹ náà fò kọjá ògiri lọ sínú oko. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn tó lé ní ọgọ́ta wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn kò rí nǹkan kan.

Bí kò bá sí fọ́tò, tí kò sì sí ẹlẹ́rìí kejì, kò sí ẹyẹ. Crispin fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wá sílé mi, ó ṣí fìlà, ó wá ń fi "ẹ" pọ́n mi lé. Mo fún un ní tíì, n kò fi bisikíìtì tì í.

"Màdáámù Larwood, ẹ dákun, orúkọ yín nìkan ló kù. A jọ rí i ni."

"Èmi kẹ̀? Opó tó ń sunkún nídìí sàréè ọkọ ẹ̀? Crispin, ta ló máa gba irú ojú bẹ́ẹ̀ gbọ́?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ẹ bá mi buwọ́ lù ú, màá rí i pé ti Ambrose wọ ìwé ọdún yìí."

Èyí mú mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti mú bíírò. Mo wá bi í léèrè, "Ṣé o gbà pé ọkọ mi rí ẹyẹ yẹn?"

Ó wolẹ̀, ó tún wo tíì rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe."

Ó ṣeé ṣe! Ọkùnrin tó wá tọrọ, ẹnu rẹ̀ kò lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún òkú. Mo gbé bíírò sílẹ̀. "Ó dáa. Tìẹ náà ṣeé ṣe." Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù jókòó lánàá, wọ́n sì ti da fọ́ọ̀mù rẹ̀ nù. Irinwó-Ó-Dín-Kan ni wọ́n ń pè é nílé ọtí báyìí. Mo mọ̀ pé Ambrose ì bá buwọ́ lù ú. Ambrose sàn jù mí lọ, gbogbo abúlé ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, Lettice, ó dùn dénú egungun.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún Rosalind ọmọ rẹ pé mo ti ń hun súwẹ́tà rẹ̀, apá kan ló kù. Ní gbogbo ayé, ibì kan ṣoṣo tí a kọ ọ́ sí pé ẹ̀dá mìíràn rí ẹyẹ yẹn pẹ̀lú Crispin Thirtle ni ìwé tí ò ń kà yìí. Bí o bá ti kà á tán, sọ ọ́ síná.

                                        Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ronú pìwà dà,
                                        Hester.